Títí Dé Oríta Péré

Súìtì kẹta ni Jíà ń fọ́ lẹ́nu nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é láti inú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ń ta lẹ́nu ló dìídì rà, kí òórùn ọtí má baà jáde.

"Jíà, wá bá mi wa ọkọ̀ yìí wò."

Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Òun ló sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Jíà, torí pé láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń yí jíà ọkọ̀ láìwo ọwọ́. Bí bàbá bá tún bíréèkì ṣe tán, kì í jókòó sínú ọkọ̀ láti dán an wò. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ń dúró sí, á dijú, á máa fetí gbọ́ bí táyà ṣe ń dún. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ wà á lọ sí oríta, kó sì wà á padà. Jíà ló sì ń wà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bẹ́ẹ̀ òfin ní ó di méjìdínlógún kéèyàn tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bàbá a máa ní, "Títí dé oríta péré náà ni. Ta ló ń wò wá?"

Ẹ gbọ́ ná, àṣìṣe ti bàbá nìyẹn o. Ó ku ti ọmọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni kíláàsì Jíà parí ìdánwò àṣekágbá nílé-ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bu ọtí sínú ike omi, wọ́n ní ẹni tí kò bá mu kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Jíà mu ife kan, ó mu ìkejì. Nígbà náà, ẹ̀rín ń pa á. Nígbà tí bàbá wá na kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ̀rín ti lọ. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló yẹ kóun sọ: Bàbá, mo ti mutí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ ọ́. Bí bàbá bá gbọ́, kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ láyé. Jíà gba kọ́kọ́rọ́ náà.

"Rọra o," bàbá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Etí tó gbọ́ àlọ ló máa gbọ́ àbọ̀."

Àlọ dára. Nígbà àbọ̀, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọjú sí tiwọn, ọkùnrin tó ń rán aṣọ ilé-ìwé Jíà láti kékeré, ń gbé àga rẹ̀ sọdá títì lọ sábẹ́ ibòji. Jíà rí i, ó rí i kedere, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé orí bíréèkì. Bàbá ti gbọ́ ìró náà kó tó lajú.

Ẹsẹ̀ télọ̀ kán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ni ọlọ́pàá obìnrin kan dé, ó ní kí Jíà fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ọtí hàn. Súìtì ò ran nǹkan kan.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlógún, mà."

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́?"

Bàbá ló dáhùn. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa bá mi lọ nìyẹn."

Orí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá ni bàbá ti bi í. "Ṣé o ti mu ún kí n tó pè ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo rò pé ẹ ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ mọ́ ni."

Bàbá wo gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ǹ bá gba kọ́kọ́rọ́ náà lóòótọ́," ó ní. "Ǹ bá bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé dájọ́ pé Jíà ò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ọdún méjì gbáko ni yóò fi máa fara han òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹjọ́ náà á sì wà lákọsílẹ̀.

"Torí pé ọmọdé ni ẹ́ lo ò ṣe lọ sẹ́wọ̀n," adájọ́ ní. "Bàbá rẹ kì í ṣe ọmọdé."

Ilé ẹjọ́ àwọn àgbà rán bàbá lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, torí ó gbé ọkọ̀ fún ọmọ tí kò ní ìwé àṣẹ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, òfin ò mọ̀ pé oríta péré lẹ̀ ń lọ. Bí ẹ ò bá tíì tó ọkọ̀ wà, ẹ má wà á. Bí ọtí bá sì ti kan ẹnu yín, ẹ sọ ọ́. Ìbínú òbí kì í pẹ́ tó ìdájọ́ kóòtù.

Ní báyìí, bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, Jíà ló ń jáde sí i.

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́wọ̀n, sà. Èmi ni mo mutí, tí mi ò sọ."