Ọ̀nà Tí Wọ́n Là fún Verna

Ọkọ̀ agbégi kan ló kọ́kọ́ yà fún Verna Kosik. Aago méje àárọ̀ ti lé díẹ̀ lójú ọ̀nà Cane Fork, oòrùn ti là, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ọkọ̀ náà di igi páìnì tìrìgbọ̀ngbọ̀n, ó ń bọ̀ níwájú, kò sì sí ohun tó yẹ kó dá a dúró. Àfi bó ṣe rí ọkọ̀ kékeré Verna ni ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, táyà rẹ̀ wọ koríko, ó dúró jẹ́ẹ́. Awakọ̀ ṣí fìlà, ó fi lé àyà. Kò wo Verna. Ẹ̀yìn Verna ló ń wò.

Àwọn tó wà lẹ́yìn agbégi náà yà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan bọ́ọ̀sì tó kó àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn tó wà níwájú Verna náà yà. Ọ̀nà tó máa ń gbà á ní wákàtí kan gbáko, ìṣẹ́jú méjìlá ló fi rìn ín.

“Ẹ̀hẹ́ẹ̀n,” ni Verna wí, ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀yàyà àwọn ará Gúúsù yìí ti ń di àìsàn.”

Inú rẹ̀ dùn, ẹ má dá a lẹ́bi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta ọjà àlòkù lábẹ́ àtíbàbà ní Toledo, lókè Àríwá lọ́hùn-ún: abọ́, àtùpà, bàtà òkú. Len ọkọ rẹ̀ ló ń bá a kó ẹrù, nínú ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé kan tí iná iwájú rẹ̀ kan ti kú, tí Len kò tún un ṣe títí òun náà fi kú. Lẹ́yìn náà ni Verna ta ilé, ó ta ọkọ̀ akẹ́rù, ó palẹ̀ mọ́ wá sí Cane Fork ní Kàrólínà Gúúsù, níbi tí yìnyín kì í ti í bo ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, tí ilé tuntun sì ń hù bí olú lórí oko òwú àtijọ́. Gbogbo páálí rẹ̀ ló kó wọlé, àfi ọ̀kan tó wà nínú búùtù ọkọ̀, tó ní òun yóò wá àyè fún.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni ti ọ̀nà. Gbogbo ayé ló ti kó wá síbẹ̀, ọ̀nà kò fẹ̀ ju èyí tí màlúù ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Máìlì mẹ́jọ péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé ìkẹ́rù tó ti ríṣẹ́, ó sì ti pẹ́ débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ó tètè jáde, ọkọ̀ ojú irin wá nà gbalaja sí ìkóríta, kò lọ, kò bọ̀, fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá rẹ̀, Hoyt Ledbetter, ọkùnrin ìlú náà tí Verna tó bí lọ́mọ, ti kọ ìwé ìkìlọ̀ méjì fún un. Ìwé kẹta, wọ́n á lé e lọ sílé. Ta ló sì fẹ́ gba arúgbó obìnrin ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gọ́ta síṣẹ́ mìíràn? Iṣẹ́ yẹn ló so ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Torí náà nígbà tí ọ̀nà là lọ́jọ́ kejì, tó là lọ́jọ́ kẹta, Verna kò bèèrè. Ó ń wakọ̀ kọjá láàárín wọn bí ìyàwó ọba.

“Mísì Verna,” Hoyt ní, “ṣé ibí lẹ ti ń sùn báyìí ni?”

“Wọ́n ń lànà fún mi.”

“Lọ́nà Cane Fork? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n la tèmi náà.”

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni Verna, ọlọ́jà sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbé nǹkan fún ọ láìdúnàádúrà, ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ ló jù. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Àwọn onílẹ̀ ní Cane Fork, wọ́n máa ń gbé ìka méjì sókè lórí sítíárìn láti fi kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Verna kì í dá wọn lóhùn. Len ti sọ fún un tipẹ́ pé ẹni tó bá ń juwọ́ sí àlejò, ó fẹ́ tà á ní nǹkan ni. Àmọ́ àwọn tó ń yà yìí kì í gbé ìka kankan sókè. Orí ni wọ́n ń tẹ̀ ba. Àwọn obìnrin a máa pa rédíò. Gbogbo wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ojú wọn a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó gùn.

Ó wo dígí. Iná ọkọ̀ ló rí lẹ́yìn rẹ̀, méjì méjì, wọ́n tàn nínú oòrùn, wọ́n tò títí dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà. Kí ló burú ńbẹ̀? Gbogbo èèyàn ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ó rọra dẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n lè yà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà á sílẹ̀. Ó tún dẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi ń rá bí ìgbín. Àwọn náà ń rá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, iná pupa dá a dúró. Ó kan bọ́ sílẹ̀, ó rìn padà sẹ́yìn láti lọ wo ojú wọn. Ọ̀dà lásán ló bá. Kò sí ọkọ̀ kankan títí dé kọ́nà. Ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì fẹ́ sí i lórúnkún, àti òórùn òdòdó funfun tí wọ́n ń tò sórí pósí. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo dígí. Iná wọn tún tàn, méjì méjì.

Ilé kan ṣoṣo ló ti gbó lójú ọ̀nà yẹn, ilé onípáánù lẹ́bàá ìkóríta, tí Mísì Odessa Gadsden kọ̀ láti tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin. Láràárọ̀ tí Verna bá ń kọjá, a máa dìde ní fàrándà rẹ̀, a di àga mú, a dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó di kọkànlá, Verna yà síbẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Ìwọ nìyẹn. Mo ní ọjọ́ wo ni wàá tó wá. Jókòó, jẹ ẹ̀pà.” Ẹ̀pà bíbọ̀ ni, ó kún abọ́, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀.

Verna kò jókòó. “Kí ló dé tí ẹ fi ń dìde fún mi?”

“Fún ìwọ? Ta lo jẹ́?” Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Òkú ni mò ń dìde fún. Níbí yìí, bí òkú bá ń kọjá, a máa ń dúró. Bí o ń sáré lọ bímọ, wàá dúró.”

“Òkú wo?”

“Ohun tí èmi náà fẹ́ bi ọ́ nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ta lò ń gbé kiri, ọmọ mi?”

Verna wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó wo búùtù.

“Ọkọ mi ni. Wọ́n ti sun ún. Bó ṣe fẹ́ nìyẹn. Eérú rẹ̀ ló wà nínú páálí. Mo ní n máa wá àyè fún un, n kò tíì ráyè ni.”

“Èèyàn mélòó ló tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà?”

“Èmi.” Ó gbé ojú kúrò lára búùtù. “Àti ọkùnrin tó ń sun òkú.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn.” Mísì Odessa fọ́ ẹ̀pà kan, kò jẹ ẹ́. “Àwọn èèyàn wa tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbí, wọn ò lè máa wo òkú kó máa dá nìkan lọ. Ìwà wọn nìyẹn láyé, kò sì yí padà lọ́run. Mo rí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé lẹ́yìn rẹ. Mo rí Bùrọ̀dá Amos, ó dé fìlà ọjọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ méje ni. Láàárọ̀ yìí, ojú mi ò kà á tán mọ́.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi?”

“Kí o dé ibi tí ò ń lọ. Ìlà òkú tó bá ti tò kì í tú ká lójú ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ dé ẹnu ihò. Bí o ò bá mú wọn dé ti ọkọ rẹ, wọ́n á mú ọ dé tìrẹ.”

Ẹ̀rù ba Verna, ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà kì í kú. “Ẹ̀yin náà fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi nìyẹn?”

“Ta ló ń tà fún ọ? Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kóo wá gbà á. Ẹnu rẹ mú bí abẹ, obìnrin yìí. Gba ẹ̀pà dání, kóo máa lọ.”

Verna kò sùn dáadáa. Kì í ṣe pé kò gbàgbọ́. Ìṣirò ló ń ṣe. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀. Bó bá sin Len, ọ̀nà á padà dí, ìwé kẹta á jáde. Len sì rèé, tí kò kánjú lọ síbì kankan rí láyé ẹ̀. Ṣé kò lè bá òun fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? “O jókòó tì mí lọ́jà lọ́gbọ̀n ọdún láìta nǹkan kan,” ó sọ ọ́ sí búùtù. “Bá mi lànà díẹ̀ sí i.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀nà là bí aṣọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ìkóríta ṣọ́ọ̀ṣì, sítíárìn yí lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kọ́ ló yí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò yára, kò sì falẹ̀. Ìrìn tí òkú ń rìn ló ń rìn. Ó gba orí òkúta wẹ́wẹ́, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá àwọn sàréè, ó dúró. Nígbà tí Verna la ojú, adágún omi kan ló wà níwájú. Táyà iwájú méjèèjì ti wọ inú ẹrẹ̀. Nínú dígí, gbogbo iná wọn ń dúró dè é, wọn ò bínú, wọn ò kánjú.

“Mo ti gbọ́,” ni Verna wí. “Ẹ jẹ́ n lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Sátidé. Mo ṣe ìlérí.”

Ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé, òun àti Mísì Odessa nìkan ni alààyè tó wà níbẹ̀, àti pásítọ̀ arúgbó kan tí kò béèrè ìbéèrè púpọ̀. Ihò náà kò jìn, páálí kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pásítọ̀ ṣe ṣí Bíbélì ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójú ọ̀nà. Gbà. Gbà. Gbà. Ó ń dún láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ń jìnnà sí i, ó pẹ́ kó tó tán. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ṣùgbọ́n koríko tẹ̀ mọ́lẹ̀ yí wọn ká, bí ibi tí ẹsẹ̀ púpọ̀ dúró lé.

“Wò ó,” Mísì Odessa sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí. “Wọ́n pọ̀ fún un.”

Verna kò sunkún ní Toledo. Ó sunkún níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó yà fún un. Agbégi kan tilẹ̀ fọn fèrè mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú irin dí ìkóríta. Ó fi wákàtí kan pẹ́, ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì Hoyt, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀.

“Ẹ fún mi, kí n máa lọ,” ó ní. “N kò ní bẹ̀bẹ̀.”

Hoyt kò fún un. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. “Mo rí yín ní Sátidé, mà. Mo yà fún yín níbi ojú irin. Níbí, a kì í kọ ìwé fún ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀.”

“Sátidé ni ìsìnkú. Mọ́ńdè lòní.”

“Ìlà yín gùn.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa pépà kan, ó ya àwòrán ọ̀nà sí i: ẹ̀yìn ilé ìlọ̀gbàdo àtijọ́, abẹ́ afárá ojú irin, ogún ìṣẹ́jú dé ibi iṣẹ́. “Ọ̀nà ẹ̀yìn nìyí. A kì í sọ ọ́ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní òkú nílẹ̀ níbí, onílẹ̀ ni.”

Verna gba pépà náà. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí Hoyt tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

“Mo rí ìyá ìyá mi nínú ìlà yẹn, mà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó kú. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ni n kò mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà ìlú yín lókè lọ́hùn-ún ló wà lára rẹ̀. Iná kan ti kú. Ọkùnrin tó wà á gbé ìka méjì sókè, ó kí mi bí ará ilé.”

Verna di ilẹ̀kùn mú.

“Kò yà sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wọn,” Hoyt ní. “Ó kọjá. Ọ̀nà ilé yín ló gbà. Ẹ ṣáà ti sin òkú yín tán, Mísì Verna. Ta ni ọkùnrin yẹn wá ń tẹ̀ lé?”

Lówùúrọ̀ Túsìdeè, Verna gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sí ọkọ̀ níwájú, igi páìnì dí ọ̀tún, ó dí òsì, oòrùn ń bọ́ láàárín wọn. Ó kọjá ilé ìlọ̀gbàdo. Ó fẹ́ wọ abẹ́ afárá nígbà tó gbé ojú sókè wo dígí.

Iná kan tàn lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kan péré.

Kò yára. Ó gbé ìka méjì sókè lórí sítíárìn, ó sì wọ abẹ́ afárá lọ.