Àyè Ìwọ̀n Ìka Kan

Ìyá àgbà bọ́ bàtà, wọ́n dì í lápá mú, ó sì wọ inú ọkọ̀ akóbúrẹ́dì àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn pákó ìtẹ́lẹ̀ tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìlà ara wọn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi tí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó jókòó tì wọ́n, ó la ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú, ó ní òun ti ń gbọ́ òórùn odò.

"Ìyá àgbà, òórùn pákó lẹ ń gbọ́," ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà. Bó bá ń fọ abọ́, kíá ni. Bó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kíá ni. Kódà, kíá ló máa ń sùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì mọ ayùn lò, nítorí káfíńtà ni bàbá rẹ̀.

Odò tí ìyá àgbà ń sọ wà nítòsí ibi tí wọ́n ti bí i. Lásìkò yìí lọ́dọọdún, òdòdó òṣíbàtà máa ń bo ojú omi náà lọ súà, funfun láúláú, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi rọ. Dókítà ojú ti sọ pé kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ojú ìyá àgbà lè má ríran mọ́. Ìyá àgbà ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé kí wọ́n gbé òun lọ wo òṣíbàtà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì gba ìjókòó pípẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá Kíá fi fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n irin tó ti dípẹtà ni ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ pákó sí i.

Bàbá ní iṣẹ́ òrùlé kan tó gbọ́dọ̀ parí lọ́sẹ̀ yẹn, ló bá fa iṣẹ́ ọkọ̀ lé Kíá lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn pákó náà kọ́kọ́ sùn nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ojú ọjọ́ ibẹ̀ lè mọ́ wọn lára. Ó ní tó bá ń tẹ́ wọn, kó fi àyè ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ láàárín pákó àti ògiri ọkọ̀, yí ká. "Tí ooru bá mú igi, ó máa ń fẹ̀," ni bàbá wí. "Tí kò bá sì ríbi fẹ̀ sí, á dìde." Kíá ní òun ti gbọ́.

Ó dúró fún ọjọ́ méjì lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń fi pákó bọ ara wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òòlù kàn wọ́n jẹ́jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gba fèrèsé wọlé, ó nà gbalaja sórí pákó. Kíá la ojú sílẹ̀, ó ń lálàá. Ó rí ìyá àgbà tó ń rìn lórí omi láìwọ bàtà, tí àwọn òṣíbàtà ń yà fún un.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eléré ló já a lójú àlá náà. Ó yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo àyè tó wà létí ògiri, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀nà eku lò ń là ni? Pákó ò kárí, o wá ní ò ń ṣiṣẹ́."

Kíá mọ̀ dáadáa pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń parí etí máa bo àyè náà. Síbẹ̀, ẹ̀rín yẹn dùn ún dé egungun. Ó ti gbogbo pákó náà lọ fara kan ògiri ọ̀tún, ó gé ìlà ìkẹyìn ní fífẹ̀, ó sì fi òòlù gbá a wọlé títí ó fi há mọ́ ògiri òsì gbagidi. Ilẹ̀ náà dán, ó rẹwà. Eléré pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí bàbá fi máa dé nírọ̀lẹ́, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ti bo etí.

"Ṣé o fi àyè sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Bó ṣe máa ń ṣe, kíá ló fèsì.

Bàbá gbà á gbọ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọmọ òun ti di ọ̀gá. Kíá kó irinṣẹ́ nílẹ̀, ó sì sá wọlé.

Ọjọ́ méjì ni oòrùn fi mú ganrínganrín. Nígbà tó di òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n ti di ẹrù, ìyá àgbà sì ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa jù. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n lè gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, ó sì dúró sójú kan. Àárín ilẹ̀ ti wú sókè bí ikùn ẹni tó yó jù, pákó mélòó kan sì ti ya lẹ́nu. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó lè dúró lórí rẹ̀.

Bàbá gbà pé bàbá arúgbó tó ta pákó fún wọn ló rẹ́ òun jẹ. Ó fa fóònù yọ, ó ní òní ni ọkùnrin náà máa mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni à ń fi ṣeré. Fóònù ti ń dún. Kíá mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo ìyá àgbà tó jókòó sórí àpótí, tó gbé báàgì lé itan, tó kọjú sí ọkọ̀ tí kò rí dáadáa.

"Bàbá, ẹ má bá a jà. Èmi ni. Mi ò fi àyè sílẹ̀, mo sì parọ́ fún yín."

Bàbá pa fóònù. Kò nà án, kò bú u. "Pákó ò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Ohun tí igi ń ṣe ló ṣe. Ìwọ ni mo bi léèrè, ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Kíá bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ní kí wọ́n mú òun sún mọ́ ọkọ̀. Ó fọwọ́ wá òkè kékeré náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Igi ń wá ibi tó máa mí sí. Tí ẹ bá há èmi náà mọ́ yàrá yẹn pẹ́ jù, màá wú ni." Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lè lọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kíá fọwọ́ ara rẹ̀ tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ra pákó mìíràn dípò àwọn tó ya, àwọn yẹn náà sì sùn nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lójoojúmọ́ ló ń lálàá odò tí òdòdó rẹ̀ ń rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tó lè fi mú iṣẹ́ náà yá. Eléré wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló ń bá a fi àjákù igi sáàárín pákó àti ògiri kí àyè náà má baà pa dé, títí wọ́n fi tẹ́ ìlà ìkẹyìn, tí wọ́n sì yọ àjákù igi náà kúrò.

Sátidé kejì, wọ́n dé odò nírọ̀lẹ́. Ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, òdòdó tó pọ̀ jù ti rọ, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kíá di ìyá àgbà mú dé etí omi. Ìyá àgbà wo ọ̀kánkán títí, ó wá na ìka sí ẹyọ kan tó kù nítòsí, tó ṣì funfun.

"Mo rí i," ló wí. "Tí mo bá ti rí ẹyọ kan, mo ti rí gbogbo wọn."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ìyá àgbà sùn lọ fọnfọn lórí bẹ́ẹ̀dì, pákó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀. Kíá jókòó sílẹ̀ tì í láìwọ bàtà, ó ń ronú àwọn òdòdó tó lọ. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ló bẹ̀rù, ìyá àgbà ló sì san gbèsè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ká ní òun dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ìjà pẹ̀lú bàbá arúgbó tí kò ṣẹ̀ wọ́n ni wọn ì bá ṣì wà, ẹyọ kan tó kù yẹn ì bá sì ti rọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tó bá sì ti bàjẹ́, òtítọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀.