Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Dá Ṣiṣẹ́

Ẹsẹ̀ lásán ni Fẹ̀yìntọlá fi ń rìn lójú títì Akanran lọ́jọ́ náà, aṣọ funfun ìjọ Kérúbù àti Séráfù lọ́rùn rẹ̀, àga pẹpẹ lórí rẹ̀. Kò fọwọ́ kan àga ọ̀hún rárá. Múyìwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lanu sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gbé àpò rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ ń wò ni, àbí àga?"

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó gbọ́n mọ èyí tó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé kan wà tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn àga náà, ó na apá bí ẹni fẹ́ fò. Múyìwá ní, "Àga ni."

Fẹ̀yìntọlá bú sẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí àga já bọ́. "Ó dáa, ẹ wá bá mi rù ú nígbà náà."

Oko ìwádìí kan ní Moniya ni Múyìwá ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n bó bá ti délé, igi ló ń gbẹ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Bàbá Hezekiah, bàbá Fẹ̀yìntọlá, ló fọwọ́ gbẹ́ àga yẹn. Látọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí Múyìwá kì í dé Akanran. Ó ní iṣẹ́ Bàbá lòun ń wá wò. Ta ló ń tàn?

Ẹnu ló kó bá a. Ó ti ń wá ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tó dára rà, ó sì fi àwòrán méjì han Bàbá. Èkíní ti ní àwòrán òdòdó àti ẹyẹ nínú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbẹ́ wọn. Èkejì kò ní nǹkan kan, àfi ọ̀pá ṣóńṣó kan. Bí èèyàn bá ń fi ọ̀pá náà tọ iṣẹ́ ọnà kan, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á máa gbẹ́ irú rẹ̀ sára igi tuntun.

"Èkíní yìí ni, Bàbá! Ẹni tó bá rà á, kò tún wá agbẹ́gilére kiri mọ́."

Bàbá rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Ìwọ tí o kò wá agbẹ́gilére mọ́, kí lo tún ń wá nílé mi? Máa lọ."

Fẹ̀yìntọlá sìn ín dé ibùdókọ̀, omi lójú. "Ẹnu yín yìí! Ẹ pe bàbá mi ní aláìwúlò lójú wọn kòrókòró."

"Mo ṣìwí. Mo fẹ́ràn rẹ, Fẹ̀yìntọlá."

"Mo mọ̀. Bàbá ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Nígbà tí Múyìwá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, ọlọ́jà ń polówó èkíní ṣáá. Múyìwá wo àwọn ẹyẹ tí ẹ̀rọ náà gbẹ́. Wọ́n dán, wọ́n gún régé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ fò nínú wọn. Èkejì ló rà.

Ó gbé e dé Akanran, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ò mọ nǹkan kan. Bí ẹ ò bá gbẹ́ tàkọ́kọ́, kò lè gbẹ́ èkejì."

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó mú ẹyẹlé kan tó ti fi igi gbẹ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ. Ọpẹ́lọpẹ́ iná tó wà! Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ darí ọ̀pá náà, ẹyẹlé kejì sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára igi tuntun. Bàbá fọwọ́ pa á wò.

"Háà! Ìyẹ́ tí mo fi àṣìṣe gbẹ́ gan-an nìyí! Ó tọ̀ mí débẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wojú Múyìwá. "Ẹ̀rọ lo wá fi hàn mí ni, àbí ọmọ mi lo wá tọrọ?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Múyìwá kò ṣìwí. "Ọmọ yín ni, Bàbá."

"Dìde. Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Bí inú bá bí i, má pe Fẹ̀yìntọlá o, kò ní dá ọ lóhùn."

Múyìwá kọjú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí etí aṣọ kan ti yọ. "Àjọkẹ́."

Ó dá a lóhùn.