Eyín Inú Ìgò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gbẹ́ni Barnabas Ọládèjì rí i pé alángbá inú ìgò ti yí orí padà. Ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu, nítorí alángbá yìí ti kú kí ìjọba tó gba Barnabas síṣẹ́ olùkọ́. Láàbù ilé-ìwé kan ní Òmù-Àrán ni ìgò rẹ̀ wà, lórí pẹpẹ, láàárín ọ̀pọ̀lọ́ kan àti ejò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ ọ̀gá àgbà pè. Láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, ògiri ló ń wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìgò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí.

Barnabas wí fún ara rẹ̀ pé agbálẹ̀ ló yí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, alàgbà ìjọ sì ni. Ẹni tó bá di ipò méjèèjì mú pọ̀ kì í tètè bẹ̀rù, bó bá sì bẹ̀rù, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i. Ó dá ìgò padà sí bó ṣe wà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún un nù.

Eyín ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ìgò kékeré náà. Nígbà tí eyín iwájú méjèèjì ti òkè yọ lẹ́nu Miracle, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ayé ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọmọ á kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ eyín, á jù ú sórí òrùlé, á ní kí òrùlé gba ògbólógbòó kó fún òun ní tuntun. Lẹ́yìn náà, á máa fọwọ́ bo ẹnu títí tuntun yóò fi hù, kí alángbá má baà rí àlàfo náà. Bí alángbá bá rí i, ó parí, tuntun ò ní hù mọ́. Barnabas ní ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìyẹn. Ó gba eyín lọ́wọ́ ọmọ, ó rì wọ́n sínú sípíríìtì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara wọn rí i pé eyín ọmọdé kì í ní gbòǹgbò mọ́ nígbà tó bá yọ, pé ara ti jẹ gbòǹgbò ọ̀hún tán kí tuntun lè ráyè. Nínú gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbé eyín sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ẹ̀gbẹ́ alángbá ni bàbá yìí yàn.

Miracle ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àlàfo náà ò sì dí. Màmá Àgbà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló sì fi ń họ àgbàdo jẹ. Ohun tó ń ba Barnabas lẹ́rù jù ni pé ọmọ náà kò sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, Barnabas mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Ìlọrin, obìnrin kan tó ń jẹ́ Qonitah, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Dókítà ya fọ́tò eegun ẹnu ọmọ. Ó ṣàlàyé pé láti inú oyún ni irúgbìn eyín ti máa ń wà nínú eegun, bí èbù iṣu nínú ebè; pé a máa ń bí àwọn ọmọ kan láìní irúgbìn kan tàbí méjì. Ó lè jẹ́ àjogúnbá, ó lè jẹ́ àìsàn tàbí oògùn líle nígbà tí ìyá lóyún, ó sì lè máà ní ìdí tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ọkàn Barnabas fẹ́ balẹ̀. Ìgbà náà ni dókítà sún fọ́tò mọ́ iná.

“Ohun kan ni kò yé mi, sà,” ó wí. “Ọmọ tí kò ní irúgbìn, eegun gidi ló máa ń wà níbẹ̀. Ti Miracle, ihò ni. Ó dà bí ibi tí wọ́n ti wa nǹkan lọ.”

Ọ̀rọ̀ ihò yìí ló wà lọ́kàn Barnabas ní láàbù. Ó gbé ìgò eyín lọ síbi fèrèsé. Sípíríìtì ti fà dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdérí rẹ̀ le pinpin. Eyín méjèèjì ti fẹ̀. Etí wọn rí wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ti eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, gbòǹgbò funfun sì ti gùn lábẹ́ wọn débi pé wọ́n kan ìdí ìgò. Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, alángbá ti tún yí orí padà.

Kò kọ́ni ní ọjọ́ náà. Ó ní inú ń run òun, ó sì gbé ìgò eyín náà gba Èsìẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà Ọ̀ṣuntóyìn jókòó lábẹ́ òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó wo ìgò náà títí.

“Bánábà, o gbé eyín ọmọ síwájú alángbá.”

“Alángbá tó ti kú ni, Màmá.”

“Òkú kì í ṣẹ́jú,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ṣẹ́ ẹ̀gúsí kan sí i. “Mú ọmọ wá. Eléyín ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú. Òrùlé ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Ọwọ́ tó jù ú ló mọ̀.”

Barnabas dáhùn pé òun gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé bó bá mú Miracle wá, yóò ní láti sọ ibi tí eyín wà láti gbogbo ọdún yìí wá, ọmọ náà sì jẹ́ irú ọmọ tó máa ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, tí yóò wá jókòó de èsì. Alàgbà ò lè kojú ìyẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé lọ bu omi fún un, ó ṣí ìgò, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nínú àgbàlá, ó sì ju gbogbo rẹ̀ sókè nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa ń wí níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Àwọn òkúta ró kokoko lórí páànù, wọ́n sì já bọ́ sílẹ̀. Eyín kò ró rárá. Ó dà bíi pé ẹnì kan tẹ́wọ́ gbà wọ́n.

Ìyá rẹ̀ gbé omi jáde, ó rí ìgò òfìfo, ó rí eruku lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé omi kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí omi náà ṣeé mu.

Ọjọ́ Ìsinmi ni eyín iwájú méjèèjì ti òkè lẹ́nu Barnabas kọ́kọ́ mì, bó ti ń ka ìkéde lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjèèjì ti bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsí ìrora, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí gbòǹgbò. Ó padà sí Ìlọrin, òun nìkan. Dókítà Qonitah ya fọ́tò. Ó ní òun ti rí eyín àléhù, èyí tó hù kún iye tó yẹ, lẹ́nu àgbàlagbà rí, pé kékeré ṣóńṣó ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ yìí pé pérépéré, tuntun sì ni, eyín ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló wá fọ́tò Miracle jáde nínú fáìlì, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Barnabas, ó sì wo méjèèjì pẹ́. Ó rọra bi í pé, ìjọ wo ni ẹ ń lọ, sà?

Fún ìgbà pípẹ́ ni olùkọ́ fi ń fọwọ́ bo ẹnu kọ́ni. Nílé, bí alángbá bá gun ògiri, Barnabas á kọjú sí ibòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Miracle ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu họ àgbàdo sísun lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu.”

Barnabas kò mọ ìgbà tó là á. Ọmọ náà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan eyín méjèèjì pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ wò. Bàbá rẹ̀ mọ ìka náà lára lọ dé gbòǹgbò, àwọn eyín náà sì fẹ́ tẹ̀ lé ìka ọ̀hún.

“Eyín mi nìyí,” Miracle wí jẹ́jẹ́. “Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?”

Ó fa àga, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ń dúró.