Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Má Wá Ṣe Ìdánwò

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ àtẹ, ẹ kú ìjókòó ìdí o!"

Siyana ò gbójú sókè kó tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ìwé Òkè ni. Wọ́n jókòó sórí ògiri ibùdókọ̀, wọ́n ń jẹ kóró òdòdó oòrùn, wọ́n sì ń tu èèpo rẹ̀ síbi tó fẹ́ gbà kọjá.

"Ṣé wọ́n ti kọ́ yín ní ení, èjì?" ọmọkùnrin kan bi í. "Àbí tíṣà yín náà ò tíì mọ̀ ọ́n?"

Siyana tẹ èèpo náà mọ́lẹ̀, ó kọjá lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìwé ìròyìn to gbogbo ilé ìwé agbègbè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àwọn ọmọ kíláàsì keje wọn ṣe ṣe sí nínú ìdánwò àpapọ̀. Ilé ìwé Ẹ̀bá Odò tí Siyana ń lọ ló gbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn lọ sí Òkè. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bó bá tún gbẹ̀yìn lọ́dún yìí, àwọn á tì í pa. Ẹ̀bá Odò yìí ni màmá Siyana ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ìdánwò ku díẹ̀ nígbà tí Pencheva, ọ̀gá ilé ìwé, pe Siyana sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀rẹ́ ẹ ni Bilyana, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rí bó ṣe ń kọ̀wé."

Siyana rí i. Spéènì ni Bilyana dàgbà sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ká èso lóko olóko. Ìgbà tó padà sí Bulgaria lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè ilé. Ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n bó bá mú bírò, ọ̀rọ̀ á wọ́ bí ejò.

"Òun àti àwọn díẹ̀ bíi tiẹ̀ ló máa fà wá sísàlẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ọmọ tí kò bá wá, wọn ò ní ka tiẹ̀ mọ́ tiwa. Mo ti bá òbí àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà tiẹ̀ ló lórí kunkun. Ìwọ lọmọ náà máa gbọ́ tiẹ̀. Bá mi sọ fún un kó má wá."

"Ṣùgbọ́n, mà, bí kò bá ṣe ìdánwò, báwo ló ṣe máa wọ ilé ìwé tó fẹ́ lọ?"

Ọ̀gá Pencheva fọwọ́ lu tábìlì. "Ṣé o fẹ́ kí màmá ẹ máa se ọbẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Siyana bá Bilyana níbi tó máa ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ọkọ̀ ẹrù gígùn kan ń kọjá, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Bilyana fẹ́ wọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ èyí.

"Ọ̀gá ní kí n sọ fún ẹ," ni Siyana bẹ̀rẹ̀, kò wò ó lójú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti òkè òkun dé, tiyín yàtọ̀. Oṣù kẹsàn-án lẹ máa ṣe é. Má wulẹ̀ wá lọ́sẹ̀ ìdánwò."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Bàbá àgbà ní kí n má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni o."

"Mo parọ́ fún ẹ rí ni?"

Bilyana rẹ́rìn-ín. "O ò parọ́ fún mi rí. Ọpẹ́ o! Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀." Ó dì mọ́ ọn. Siyana rọra yọ ara rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí èsì jáde, ilé ìwé Ẹ̀bá Odò ti fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí ipò kẹta. Ọ̀gá ní kí wọ́n yan bánítsà, àkàrà òyìnbó oníwàràkàṣì, èèpo rẹ̀ ń dán fún bọ́tà, wọ́n sì jẹ ẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé pẹ̀lú orin. Lẹ́yìn náà ni gbogbo kíláàsì rọ́ lọ sí ibùdókọ̀ láti lọ fi àwọn ará Òkè ṣe yẹ̀yẹ́. Siyana pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Wọ́n padà sínú ọgbà ilé ìwé, kò sì pẹ́ tí Bilyana fi wọlé wá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ní mi ò ní máàkì kankan," ó sọ fún Siyana lójú gbogbo wọn. "Obìnrin tó ń gba orúkọ nílé ìwé ọkọ̀ ojú irin wò mí bí òmùgọ̀. Ó ní, 'Oṣù kẹsàn-án wo? Ta ló tàn ẹ́?' Siyana, ta ló tàn mí?"

Siyana sún sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a dáhùn.

"Padà sí Spéènì ẹ, jàre!"

"Ìwọ ni ì bá kó èérí bá wa! O ò tiẹ̀ dúpẹ́!"

Ẹnì kan ju èérún bánítsà lù ú. Bilyana gbọn èjìká rẹ̀, ó yí padà, ó sì lọ.

Nílé, Siyana jẹ́wọ́ fún màmá rẹ̀. Ìyá náà gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ gbàgà.

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. O ò gbọ́ ọ rí? Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Màmá, èmi ni mo parọ́ fún un."

"Nítorí mi lo ṣe pa á. Ó ti tán. Gbé e mì!"

Siyana gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Nígbà tó yá, ó lọ kan ilẹ̀kùn bàbá àgbà Bilyana, bàbá Krum, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Bàbá náà ò ní kó jókòó. Ó kàn mú fìlà rẹ̀. "Ibi tó yẹ kó o sọ ọ́ la ń lọ." Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ agbègbè, Siyana sì tún gbogbo rẹ̀ sọ níbẹ̀.

Àwọn olùyẹ̀wò dé. Ọmọ tí wọ́n ti dá dúró sílé pọ̀ ju bí Siyana ṣe rò lọ. Wọ́n yọ ọ̀gá Pencheva níṣẹ́, wọ́n sì fagi lé ipò kẹta. Kí ìsinmi tó parí, ìjọba ìbílẹ̀ ti ti ilé ìwé náà pa. Màmá Siyana rí iṣẹ́ ní Òkè, àwo ló ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń se oúnjẹ. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ju "jẹun" àti "sùn" lọ. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Ọ̀DÀLẸ̀" sára ilẹ̀kùn wọn. Bí Siyana bá nù ún, wọ́n á tún un kọ.

Bilyana ńkọ́? Ọjọ́ ìdánwò ti kọjá, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ilé ìwé iṣẹ́ aṣọ rírán nìkan ló ṣẹ́ kù tó gbà á.

Ní ọjọ́ tó ń lọ, Siyana bá a ní ibùdókọ̀. "Mo ti sọ òtítọ́, Bilyana. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"O sọ ọ́ fún wọn," ni Bilyana wí. "Èmi lo ò sọ ọ́ fún. Ká ní o sọ fún mi pé wọn ò fẹ́ kí n wá ni, màá ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bóyá màá wá, màá sì gba òdo. Òdo tèmi ni ì bá jẹ́." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́."

Ó wọ bọ́ọ̀sì, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, òtítọ́ tó bá pẹ́ dé lè tú àṣírí olè, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kó dá ohun tí wọ́n jí padà. Bí wọ́n bá sì gbé àtẹ kan síwájú yín pé ilé ìwé báyìí ló dára jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má wá. Ẹni tó bá ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ torí kí orúkọ ẹgbẹ́ lè ga, bí orúkọ náà tilẹ̀ ga, kò ní sí ọ̀rẹ́ tí yóò bá a yọ̀.