Pákó Tí Kò Dé Ibi Ìwọ́de

Ọjọ́ tí Aránṣọ kọ́kọ́ fojú kan Ọlọ́dà, orí àkàbà ni ọmọkùnrin náà wà, tó ń kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀dà búlúù kún imú rẹ̀.

“Bùọ̀dá, ṣé imú yín náà la máa kà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi mì. “Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló lè kà á, àǹtí mi.”

Baba Aránṣọ, káfíńtà tó tún jẹ́ alàgbà ìjọ, ló rán an wá. Ó gbé pákó tí baba rẹ̀ ti fá dán dání, pé kí Ọlọ́dà kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé: ILÉ Ẹ̀ṢẸ̀, KÚRÒ LÁDÙÚGBÒ WA. Ilé Ìyá Ọlọ́tí, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìjọ fẹ́ wọ́de lọ.

Látọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Aránṣọ ń yà wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Ọ̀dà tí kò tíì kan pákó, báwo ni yóò ṣe gbẹ? Àwọn méjèèjì mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ.

“Olólùfẹ́ mi,” Ọlọ́dà ní, “bí baba bá lè gbà, ìwọ ni mo fẹ́ bá darúgbó.”

“Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n á gbà, ìwọ ṣáà kọ pákó wọn.”

Ọjọ́ ìwọ́de pé. Ìjọ pé. Pákó kò sí. Ọlọ́dà dọ̀bálẹ̀ níwájú Alàgbà.

“Ẹ má bínú, sà. Òjò àná gba fèrèsé ìyá Ìyá Ọlọ́tí lọ, ìyá arúgbó tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Pákó yín ni mo fi dí i.”

“Pákó Ọlọ́run lo gbé fún ọlọ́tí?”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, sà. Bí a bá lé wọn, ibo ni ìyá yẹn á sùn?”

“Ẹnu dùn ún ròfọ́! Ẹni tí kò lè dúró fún Jésù lójú pópó, kò ní lè dúró ti ìyàwó. Kò ní fẹ́ ọmọ mi!”

Aránṣọ bú sẹ́kún. Alàgbà fa òòlù yọ, ó sọdá títì láti lọ tú pákó rẹ̀. Ọlọ́dà àti Aránṣọ sáré tẹ̀ lé e.

Yàrá ìyá arúgbó náà kéré, ó mọ́ tónítóní. Afẹ́fẹ́ ń súfèé láàárín pákó. Alàgbà gbé òòlù sókè.

“Ẹ káàbọ̀ o, bàbá,” ìyá arúgbó ní láti orí ibùsùn. “Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá tún un ṣe? Ọmọ yìí gbìyànjú. Ó ń fọ aṣọ mi, ó ń gbé mi sóòrùn, àmọ́ kò mọ ìṣó í kàn rárá. Ó ní ìjọ yín ló fi pákó ta mí lọ́rẹ. Ọlọ́run á san án fún yín. Mo máa ń gbọ́ orin yín látibí. N kò mọ̀ pé ẹ mọ̀ pé mo wà.”

Òòlù dúró lókè. Ojú ti Alàgbà, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀jú, màmá,” ó ní nígbẹ̀yìn. Ó yíjú sí Ọlọ́dà. “Irú ìṣó wo rèé? Gbogbo rẹ̀ ṣe jágajàga bí eyín arúgbó!”

“Tèmi tò jùyẹn lọ,” ìyá dáhùn, ó sì la ẹnu kí wọ́n rí i.

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alàgbà kó ìṣó sẹ́nu. “Di orí pákó mú. Gbé e sókè. Áà, ọmọ yìí!”

Ohùn kan ké láti títì: “Alàgbà, ṣé ká máa wọ́de lọ?”

“Ẹ lọ bá mi mú ayùn wá!”

Aránṣọ rọra sún mọ́ ọn. “Bàbá, ọ̀rọ̀ tiwa ńkọ́?”

“Ṣé o kò rí i pé ìṣó wà lẹ́nu mi ni?” Ó kàn án tán kó tó tún sọ̀rọ̀. “Kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. N kò lè fún ẹni tí kò mọ ìṣó kàn lọ́mọ.”

Alàgbà sì kọ́ ọ ní ìṣó kíkàn. Láàárọ̀ ìgbéyàwó wọn, Alàgbà gbá apá kan àga ìyá arúgbó mú, Ìyá Ọlọ́tí gbá apá kejì. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó ń yára jù, wọ́n sì gbé e sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.