Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Bàbá Mi Gun Òkè

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Desmond Thackray bá mi sọ láyé yìí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i."

Mo di imú mú. Skúrù kan ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kò fẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró iyanrìn lọ, ó sì rọra ń darí rẹ̀ sínú ihò. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè kékeré orí tábìlì ti ń pàdé ní Doncaster. Nígbà tí skúrù náà wọlé tán ló tó gbójú sókè. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, wọ́n sì tín-ín-rín. Àyà mi sọ kúlú. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí o, èmi ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ nílé ìwé, mi ò kì í ṣe ọmọdé. Síbẹ̀, àyà mi sọ.

"Ẹ lè mí báyìí," ó ní.

"Ẹ ṣeun, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń fi ohùn sínú ẹ́ńjìnnì."

"Èmi ni. Ẹ gbé e wá ká wò ó."

Mo tú áńkáṣíìfù mi. Ẹ́ńjìnnì kékeré bàbá mi ló wà nínú rẹ̀, kò gùn kọjá àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì dísù tí bàbá mi, Wilf Birkby, wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fara wé ṣe é. Dádì máa pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, lọ́jọ́ ìpàtẹ ẹgbẹ́ gan-an, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Desmond fi dikódà kan hàn mí, pátákó wáyà tó kéré ju èékánná lọ. "Òun ló ń gba àṣẹ láti inú rìmóòtù, òun náà ló ń gbé ohùn jáde. Àmọ́ irin ló kún inú ẹ́ńjìnnì yìí bámúbámú. Mo máa gé lára irin náà kí dikódà àti sípíkà tó lè ráyè jókòó."

"Ẹ máa gé ẹ́ńjìnnì bàbá mi?"

"Díẹ̀ ni, màdáámù."

"Avril ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Màdáámù wà nílé ìwé."

"Èmi náà, Desmond ni mí. Má fi ẹ̀yin pè mí mọ́."

Beryl tó ń bu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kígbe sí mi pé, "Avril, tíì rẹ ti di omi òjò o! Àbí tábìlì yẹn ló gbóná jù ú lọ?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Etí Desmond pọ́n bíi tòmátì.

Láti ọjọ́ náà, n kì í pa Sátidé kan jẹ. Mo di ẹni tó ń bá a di wáyà mú tó bá ń jó léèdì láti fi lẹ wáyà pọ̀. Mo di ẹni tó ń fi téèpù wé irin kí wáyà má baà kàn án, torí tó bá fi lè kàn án pẹ́nrẹ́n, èéfín á yọ, dikódà á sì kú. Orí wa máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ní Sátidé kẹrin, ó gbé irin gbígbóná rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Avril, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé kí n ṣì máa jó léèdì lọ?"

Mo ní, "Kọ́kọ́ fi ẹnu kò mí lẹ́nu ná." Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé kóòtù mi síbẹ̀.

Mo mú un wá sílé lọ́jọ́ Àìkú kejì rẹ̀. Mo yan ẹran màlúù, mo sì kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kó má sọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, mo fẹ́ fi ya Dádì lẹ́nu ni. Áà, Desmond! Ọkùnrin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Dádì bi í.

"Tẹlifóònù ni mò ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, sà. Nísinsìnyí mò ń fi ohùn sínú ẹ́ńjìnnì kékeré. Tiyín wà lọ́wọ́ mi." Ló bá yọ ọ́ lápò, ni irin tí a gé bá hàn síta.

Dádì ò fọwọ́ kan ẹran mọ́. "O fi ayùn gé ẹ́ńjìnnì mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwúwo ẹ́ńjìnnì ni agbára rẹ̀! Èyí tó bá fúyẹ́, tó bá dé òkè, táyà rẹ̀ á kàn máa yí lójú kan ni. Ìwọ arúgbó tó ń ṣeré ọmọdé, ta ló kọ́ ọ níyẹn?" Ó kọjú sí mi. "Avril, ti àkọ́kọ́ fi irọ́ bò ọ́ lójú fún ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tún gbé ayùn wá. Kó má wọlé yìí mọ́."

N kò bá a jà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọkọ mi àtijọ́ jẹ gbèsè, ó ní obìnrin mìíràn, ọjọ́ tí mo mọ̀ ni Dádì wá kó ẹrù mi fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún méje. Mo sọ fún Desmond lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mo fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè fi omijé bàbá mi ṣe ìgbéyàwó."

"Jẹ́ kó wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ ìpàtẹ," ó ní. "Tí kò bá yọ́nú sí mi lọ́jọ́ náà, màá fi yín sílẹ̀."

Búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ tí Beryl máa ń ṣe ni mo fi tan Dádì wá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Desmond gbé ẹ́ńjìnnì Dádì sójú irin. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú dikódà, kí ọ̀kan má baà jẹ́ ìpè èkejì. Ó tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí Dádì wà láyé ijọ́hun sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé rìmóòtù fún un.

Dádì wò ó bí ẹni wo ajá tó lè gé e jẹ. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó kùn, ó gbọn ara, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan títí tábìlì fi ń mì. Ẹnu Dádì là sílẹ̀.

"Otútù ló mú un," ó rọra sọ. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń ṣe láàárọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ. Òun ni! Ó tiẹ̀ dún ju bí mo ṣe rò lọ!"

Mo fẹ́ fò. Àmọ́ awakọ̀ rélùwéè ni bàbá mi, orí kunkun ò jẹ́ kó dúró níbẹ̀. "A ti gbọ́ ohùn. Ó ku agbára. Ẹ so ọkọ̀ ẹrù méjìlá mọ́ ọn."

Méjìlá! Mo wo Desmond, Desmond wo ilẹ̀. Wọ́n so ó. Dádì yí rìmóòtù, ọkọ̀ gbéra, ó kọjá ibùdókọ̀, ó kọrí sí òkè. Ó gùn ún dé ìdajì. Ó dúró. Táyà ń yí lójú kan, bí Dádì ṣe sọ gan-an. Mo di ọwọ́ Beryl mú débi pé ó pariwo.

Ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé kan yọ láti ẹ̀yìn. Ti Desmond ni, tó ti dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ láti àárọ̀. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fimú kan ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ọkọ̀ tún gbéra. Ó gùn ún, ó gùn ún, ó dórí òkè! Ariwo sọ, àtẹ́wọ́ ń dún, Dádì ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ìrànlọ́wọ́!" ó ń pariwo. "Ó fi ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn mi, bí àwa náà ṣe ń ṣe tí òkè bá le! Arákùnrin, o mọṣẹ́!"

Mo fi ojú bẹ Desmond. Dákẹ́, olólùfẹ́ mi. Dákẹ́, ó ti parí.

"Rárá o, sà," ni Desmond wí. "Àṣìṣe ni. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mo gbàgbé láti gbé tèmi kúrò lójú irin kí n tó tẹ nọ́ńbà yín, nọ́ńbà kan náà sì wọ inú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi dún tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sì lẹ sọ, ayùn mi ti sọ tiyín di fífúyẹ́. Kò lè dá gun òkè mọ́."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Dádì gbé rìmóòtù kalẹ̀, ó kọjú sí Desmond.

"Láyé wa," ó wí, "tí awakọ̀ bá ṣe àṣìṣe, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í, a máa ń dá ọkọ̀ padà fún un. Ẹni tó bá fi pa mọ́ la kì í jẹ́ kó gbé èrò mọ́. Avril, ṣé ìwọ lo ní kó jẹ́wọ́?"

"Èmi kẹ̀, Dádì? Èmi ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́ ni."

Dádì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Desmond na ọwọ́ sí rìmóòtù. "Ẹ jẹ́ kí n yí nọ́ńbà tèmi padà, sà."

Dádì fi ọ̀pá gbá a lọ́wọ́. "Ta ló rán ọ? O ní ti èmi ò lè dá gun òkè, o tún fẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀? Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀la, aago kan. Má pẹ́. Má sì gbé ayùn wá."

"Ilé ọba tó jó!" ni Beryl kígbe, ó sì fi éépírọ́ọ̀nù nu ojú rẹ̀. Èmi ti di mọ́ ọrùn Desmond, mi ò rí ẹni tó ń wò wá.

A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Igbe. Dádì ló fà mí lé e lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì wà nínú pálọ̀ wa báyìí, nọ́ńbà wọn ò sì yí padà. Láràárọ̀ Dádì á jókòó, á tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì méjì á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Desmond á sì dáhùn láti ilé ìdáná, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, "Mo ń bọ̀, Dádì."